Àpá Mẹ́rin Lára Lubabah

Lagos Town, Accra
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta, ọdún 2009

Nasrullah, Àlàbí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé o ń jẹun? Ṣé wọ́n ń rí nǹkan gidi sè ní India yẹn, àbí ata nìkan ni wọ́n fi ń bọ́ ara wọn? Àwa níbí ń mí, a ò sì bínú sí Ọlọ́run. Ooru Accra lọ́dún yìí ò jẹ́ kéèyàn mọ̀ bóyá òun wẹ̀ tàbí òun ò wẹ̀. Ọjà ọṣẹ ò burú ní Odawna, àmọ́ gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀ mi ti kún, òjò ò sì ní pẹ́ dé.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nígbà tí o ń pè mí lórí fóònù lọ́jọọjọ́ Sunday. Fóònù yẹn, gbogbo ilé ló ń bá mi gbọ́ ọ. Bó bá ti dún báyìí, ìyá Abíọ́lá á ti gbé àga wá, àwọn ọmọ á ti rọ̀gbà yí mi ká, wọ́n á ní kí n tẹ ibi tí ohùn rẹ á ti jáde síta. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ti gbogbo ilé. Ìwé mẹ́fà tí mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí bàbá rẹ tó gbé mi wá sí Ghana, òní ló wúlò.

O mọ̀ pé èmi àti ìyá Abíọ́lá là ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ní àdúgbò yìí. O mọ òfin ibẹ̀ náà: ohun tí ẹni tó ń wẹ òkú bá rí lára òkú, ibojì ló ń bá a lọ. Ó di ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń ṣe é, mi ò sì sọ ohun tí mo rí lára ẹnì kan fún ẹnì kan rí. Ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún, torí pé dókítà ni ọ́, àti torí pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ já mọ́ mi lọ́wọ́.

Lubabah ti kú, ìyàwó kejì Àkíbù tó ń ta òkìrìkà ní Kantamanto. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó kọjá ni, ọjọ́ kẹfà sí ìgbà tí o wọ ọkọ̀ òfurufú. Ó ní òun ń lọ ra ọjà ní Kumasi, ó lo ọjọ́ mẹ́rin, ó dé. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Wọ́n ń ra oògùn fún un lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, wọ́n ní ibà ni. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọjọ́ náà la sin ín.

Àlàbí, ikùn rẹ̀ le, ó wú. Mo bu omi sí i, mo ń fi kànìnkànìn nù ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ni mo rí àpá mẹ́rin. Kì í ṣe gbẹ́rẹ́, mo mọ gbẹ́rẹ́. Mẹ́ta nínú wọn ò ju orí ìka lọ, ọ̀kan gùn díẹ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n ti ń jinná. Mo fi aṣọ bò wọ́n, mo ṣe bí ẹni tí ò rí nǹkan kan.

Ìyá Abíọ́lá rí i. O mọ ẹnu ìyá Abíọ́lá. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí gbogbo Lagos Town fi ń sọ pé nǹkan kan ni wọ́n fi gún Lubabah lójú oorun, ojú gbogbo wọn sì wà lára Mojíbọ́lá, ìyáálé rẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń fi omi gbígbóná jó o níkùn nígbà tó ń ṣàìsàn. Kí ló ń ṣe irú àpá bẹ́ẹ̀ séèyàn lára? Bó bá jẹ́ àrùn, kọ orúkọ rẹ̀ fún mi kí n fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti ń bu omi sórí nǹkan, ìbáà ṣe abọ́ ìjẹun, àpá mẹ́rin yẹn ni mò ń rí.

Má jẹ́ kí èsì pẹ́.

Èmi ìyá rẹ,
Sàúdátù Adéògún


Hyderabad, India
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 2009

Ìyá mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ooru, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo ń jẹun, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìrẹsì wọn dà bíi tiwa, ọbẹ̀ wọn ni kò tíì mọ́ mi lára.

Ẹ ní kí n máa sọ bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ. Dókítà ọ̀nà ìtọ̀ méje ni wá, láti ilẹ̀ oríṣiríṣi, èmi nìkan ló ti Ghana wá. Iṣẹ́ abẹ tí a ò ní la èèyàn la wá kọ́, àmọ́ a ò tíì fọwọ́ kan èèyàn rárá. Inú àpótí là ń kọ́ ọ. Kámẹ́rà wà nínú àpótí náà, àwòrán ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, a fi irinṣẹ́ gígùn méjì ń so kókó sára awọ adìyẹ tó wà nínú rẹ̀. Màámi, kò rọrùn. Bí mo bá gbé ọwọ́ sí òsì, ẹnu irinṣẹ́ á lọ sí ọ̀tún. Ọwọ́ ò gbọ́ bí nǹkan ṣe le tàbí bó ṣe rọ̀ mọ́, ojú nìkan ló kù, ohun tí kámẹ́rà ò bá sì fi hàn, kò sẹ́ni tó rí i. Olùkọ́ wa ní oṣù mẹ́ta la máa wà nídìí àpótí. Lẹ́yìn náà a ó máa di kámẹ́rà mú fún un títí ọgbọ̀n aláìsàn yóò fi kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó máa dúró tì wá kí a ṣe díẹ̀díẹ̀. Àwọn òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ irú iṣẹ́ abẹ yìí wá bá wa ní Accra lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi kọ́ wa, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ.

Ní ti Lubabah, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Màámi, oríṣiríṣi nǹkan ló ń fi àpá sára. Àpá ẹ̀gbẹ́ òsì bẹ́ẹ̀ yẹn lè jẹ́ eéwo àtijọ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi Mojíbọ́lá lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ bi mí.

Ǹjẹ́ ara rẹ̀ gbóná gan-an kó tó kú? Ọjọ́ mélòó ló fi dùbúlẹ̀? Ṣé ó dárúkọ ẹnikẹ́ni?

Ọmọ yín,
Nasrullah


Lagos Town, Accra
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 2009

Nasrullah,

Ìwé rẹ dé. Mo kí ọ.

Mo kà á, mo tún un kà. Mo gbé dígí sójú, mo tún kà á. Mo wá jókòó, mo ń wá ibi tí mo ti sọ fún ọ pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni àpá yẹn wà. Mi ò sọ ọ́. Mo mọ ohun tí mo kọ, torí pé ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Òótọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ òsì ni. Ta ló sọ fún ọ?

Mo tún ń ro àpótí tí o ń sọ. Irinṣẹ́ gígùn méjì àti kámẹ́rà, ibo ni wọ́n ń gbà wọ inú àpótí? Mi ò kàwé tó ọ, àmọ́ mo mọ̀ pé nǹkan kì í wọ àpótí bí kò bá sí ihò. O máa ń sọ fún mi pé a kì í la èèyàn mọ́. O ò sọ ohun tí ẹ ń ṣe dípò lílà.

Ní Friday tó kọjá wọ́n pe ìpàdé sí ilé Àkíbù. Àwọn ẹbí Lubabah wá láti Nima, wọ́n ń pariwo. Mojíbọ́lá kúnlẹ̀ láàárín, ó ní òun ò mọ nǹkan kan, ó ní Lubabah ló bẹ òun pé kí òun lọ wá Dókítà Nasrullah, kí òun pè é lórí fóònù, kó má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló ń pe dókítà ní India nítorí inú rírun ní Accra. Wọ́n wá wojú mi.

Lóòótọ́, Mojíbọ́lá wá bá mi ní Odawna. Ọjọ́ Monday ni, ó ku ọjọ́ méjì kí Lubabah kú. Ó ní òun fẹ́ nọ́ńbà rẹ. Ìwọ lo sì sọ fún mi kí o tó lọ pé kí n má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà yẹn, pé gbogbo Yorùbá Accra tó bá ti ń wúkọ́ ni yóò máa pè ọ́. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n lórí. Nínú ìpàdé mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wá, kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún mi. Òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ náà ò sì ṣe é láǹfààní kankan.

Wọ́n fún Àkíbù ní oṣù kan kó lé Mojíbọ́lá lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Nima á wá lé e fúnra wọn. Ọmọ mẹ́rin ló bí fún Àkíbù. Nasrullah, kí lo mọ̀? Sọ ọ́ fún mi kí oṣù tó pé.

Ìyá rẹ


Lagos Town, Accra
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2009

Nasrullah,

Mi ò rí èsì. O pè mí ní Sunday mẹ́rin, òjò lo béèrè, gọ́tà lo béèrè, o béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Mo ń dúró kí o sọ ọ́, o ń dúró kí n má béèrè. Ìyá Abíọ́lá jókòó tì wá, ó ń dáhùn ìkíni rẹ.

Mojíbọ́lá ti lọ. Ó kó ọmọ méjì tó kéré, Àkíbù gba méjì tó dàgbà. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ Nàìjíríà láàárọ̀ Tuesday, ìlú bàbá rẹ̀ ní Ìnísà ló ń lọ. Kò sẹ́ni tó sìn ín dé ibùdókọ̀. Èmi náà ò sìn ín. Mo dúró lẹ́yìn ìsọ̀ mi bí ó ṣe ń kọjá, mo ń to ọṣẹ tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.

Lubabah ń bá mi rìn nísinsìnyí. Mi ò sọ pé mo rí i. Mo kàn mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn mi, ó ń dúró kí n yíjú padà kó bi mí léèrè nǹkan.

Ìyá rẹ


Hyderabad
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, ọdún 2009

Màámi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín nínú ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Èmi ni. Ọjọ́ keje oṣù kejì, ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan tí mo máa ń lọ lọ́jọ́ Saturday, èmi ni mo fi ẹ̀rọ àwọn òyìnbó yẹn ṣe iṣẹ́ abẹ fún Lubabah. Kò lọ sí Kumasi. Òkúta ti ba kíndìnrín òsì rẹ̀ jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kò ṣiṣẹ́ kankan mọ́ ju kó máa fún un ní ìrora àti ibà lọ. Yíyọ ló yẹ kí a yọ ọ́. Ó ní kí Àkíbù má gbọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ìyáálé ti bí mẹ́rin, ó ní bí wọ́n bá gbọ́ pé kíndìnrín kan ló kù sí òun lára, wọ́n á ní òun ò lè bímọ mọ́, wọ́n á dá òun padà sílé. Mo ní irọ́ ni. Kò gbà. Ó béèrè bóyá ọ̀nà kan wà tí ojú àpá ò fi ní hàn. Mo ní ó wà. Inú mi dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, Màámi, inú mi dùn gan-an.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí mo ní láti gbé wá síbí. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé mélòó ni mo ti dá ṣe. Mo ti di kámẹ́rà mú fún àwọn òyìnbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò dá nǹkan kan ṣe rí. Mo fẹ́ kọ ọ̀kan síbẹ̀. Ọ̀gá mi ní ọsibítù ti kìlọ̀ fún mi pé ọ̀sẹ̀ kan ò sọ ẹnikẹ́ni di oníṣẹ́. Mo rò pé ó ń jowú ni, torí pé ọ̀bẹ ńlá ló fi dàgbà, kò sì fẹ́ kọ́ tuntun. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó dúró tì mí. Nọ́ọ̀sì tí ò ṣe é rí ló di kámẹ́rà mú.

Ihò mẹ́rin ni mo gbà wọlé, àwọn ni àpá tí ẹ rí yẹn; mo lo wákàtí márùn-ún. Mo yọ ọ́. Ó jí, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní ṣé bó ṣe mọ nìyí. Ọjọ́ kẹta ó lọ sílé. Mo ní bí ohunkóhun bá ṣe é, kó pe èmi, torí pé nítorí àṣírí rẹ̀, mi ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà mìíràn. Nọ́ńbà Ghana ni mo fún un. Mo pa fóònù yẹn ní pápá ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, mi ò tíì tàn án láti ìgbà náà.

Ẹ̀rọ náà máa ń ya iṣẹ́ sínú díìsìkì. Mo gbé e dání wá síbí, mo fẹ́ fi yangàn. Nígbà tí ìwé yín àkọ́kọ́ dé, mo wò ó. Nígbà tí iṣẹ́ kù díẹ̀ kó parí, kámẹ́rà yà díẹ̀, ibi funfun kan sì hàn lára ìfun, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá jó aṣọ. Irinṣẹ́ oníná mi ti kàn án nígbà tí kámẹ́rà ò wo ibẹ̀. Ìfun tó bá jó bẹ́ẹ̀ kì í lu lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó lu, ìgbẹ́ á wá máa jò sínú ikùn. Bí wọ́n bá tètè gbé e wá, tí ẹni tó rí i sì mọ̀ pé ó ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n lè gbà á là. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bí kò ṣe èmi.

Mo ti wò ó ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí àwọn yòókù bá lọ jẹun, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, màá tàn án. Mo máa ń rò pé bóyá lónìí kò ní hàn. Ó máa ń hàn. Wọ́n ti ń jẹ́ kí n di kámẹ́rà mú fún olùkọ́ báyìí, inú ẹnikẹ́ni tí a bá sì wọ̀, ibi funfun yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

Màámi, bí ìwé yìí bá bọ́ sí Àkíbù lọ́wọ́, iṣẹ́ mi ti tán nìyẹn. Ẹ ti bo àṣírí òkú púpọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ bo tèmi.

Nasrullah


Lagos Town, Accra
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù keje, ọdún 2009

Nasrullah,

Òkú là ń bo àṣírí fún, torí pé kò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Ìwọ ò tíì kú. Mojíbọ́lá náà ò tíì kú.

Mo sunkún lórí rẹ, má rò pé mi ò sunkún. Èmi ni mo gbé ọ pọ̀n nígbà tí mò ń kiri ọṣẹ ní Odawna, mo mọ bí orí rẹ ṣe wúwo tó lẹ́yìn mi. Ìgbà tí o di dókítà, mo máa ń kọjá níwájú àwọn èèyàn, mo máa ń rọra rìn kí wọ́n lè rí mi. Mo wá ka ìwé rẹ tán, ó ń ṣe mí bíi kí n máà bí ọ, lẹ́yìn náà ó ń ṣe mí bíi kí n fò wá síbẹ̀ kí n gbé ọ mọ́ra. Inú kan náà ni méjèèjì wà, wọn ò sì jẹ́ kí n jẹun.

Má rò pé ìwọ nìkan ni mò ń bá wí. Mojíbọ́lá bẹ̀ mí fún nọ́ńbà, ó wà lára ògiri ìsọ̀ mi, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ̀yìn ni mo kọ sí i bí mo ṣe ń sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ṣe fújà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n kàn ń pè. Ìwọ lo jó Lubabah níná, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n ti wá pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n wá wẹ òkú, mo ní apá ń dùn mí.

Mi ò ní bo ó, mi ò sì ní gbé ìwé tí o kọ sí mi fún Àkíbù. Ìyẹn ti èmi àti ìwọ ni. Ìwọ ni kí o kọ̀wé sí i, kí o fọwọ́ sí i, kí o kọ orúkọ bàbá rẹ sí i. Ohun tí o sọ fún mi ni kí o sọ fún un, má ṣe yọ fọ́ọ̀mù yẹn kúrò níbẹ̀. Fi sínú àpò ìwé mi, màá mú un lọ. Bí n ò bá rí i, èmi á lọ bá a fúnra mi, màá sọ èyí tí mo mọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, àmọ́ Mojíbọ́lá ò ní ogún ọdún láti fi dúró.

Ìyá rẹ ni mí síbẹ̀,
Sàúdátù


Hyderabad
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 2009

Màámi,

Ìwé Àkíbù wà nínú èyí. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo kọ ọ́ tí mo fà á ya. Fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Orúkọ bàbá mi wà níbẹ̀.

Kí n tó kọ ọ́, mo lọ bá olùkọ́ wa, mo gbé díìsìkì lé e lọ́wọ́. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí mo mọ̀, ó dá a dúró, ó ní kí n pe àwọn mẹ́fà yòókù wọlé. Ó ní kí n dúró níwájú, kí n sọ ọ́ fún wọn bó ṣe jẹ́, láti orí fọ́ọ̀mù dé orí fóònù tí mo pa. Mo sọ ọ́. Nígbà tí a jáde, ọ̀kan nínú wọn, àgbàlagbà tó ti Bangladesh wá, dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní òun náà ní tòun, òun ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Olùkọ́ dá mi padà sídìí àpótí. Mò ń so kókó sára awọ adìyẹ láti àárọ̀. Ó ní tí mo bá fẹ́, kí n máa lọ sílé, tí mo bá sì fẹ́ dúró, òun ò ní lé mi, àmọ́ n ò ní dá fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni títí òun á fi sọ pé ó tó. Oṣù Kejìlá la máa parí.

Ohun tó ń dààmú mi rèé. Ẹ̀rọ yẹn ṣì wà ní Accra. Àwọn méjì tí a jọ lo ọ̀sẹ̀ kan yẹn ti ń múra láti lò ó. Bí mo bá fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó máa dúró tì wọ́n. Bí mo bá sì dúró, ó dà bíi pé mo jókòó síbi tó tutù nígbà tí ẹlòmíì ń jìyà mi. Ẹ sọ fún mi. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe.

Ọmọ yín,
Nasrullah


Ìnísà, Nàìjíríà
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2009

Nasrullah ọmọ mi,

O ó rí i pé kì í ṣe Accra ni mo ti ń kọ èyí. Ara mi le. Ọkọ̀ náà lo ọjọ́ méjì, wọ́n dá wa dúró ní gbogbo bọ́dà, ẹsẹ̀ mi sì wú bí iṣu, àmọ́ ó ti ń fà wálẹ̀.

Mo mú ìwé rẹ lọ fún Àkíbù ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Kantamanto. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀lì aṣọ, ó kà á, ó tún un kà. Mo ti múra fún èébú, mo ti múra fún ọlọ́pàá pàápàá. Kò pariwo. Ó ká ìwé náà, ó ní, "Ìyá, kí ni mo ṣe fún Lubabah tó fi bẹ̀rù mi ju ọ̀bẹ lọ?" Ó sunkún níbẹ̀ lójú àwọn oníbàárà, kò sì fi nǹkan bojú.

Lọ́jọ́ Friday ó pe àwọn ará Nima àti gbogbo àgbà wa, ó ka ìwé náà sí wọn létí. Èmi náà dìde, mo sọ ti nọ́ńbà. Ìyá Abíọ́lá ò lè wojú mi. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé ọ lọ sílé ẹjọ́, bóyá wọ́n á gbé ọ lọ, mi ò mọ̀. Àwọn tó lé Mojíbọ́lá ló tún ń sọ pé kí wọ́n lọ mú un wá.

Àkíbù pè é lórí fóònù. Mojíbọ́lá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó pa fóònù. Àkíbù rán àbúrò rẹ̀, Mojíbọ́lá ò jáde sí i. Mo wá rò ó pé kì í ṣe Àkíbù ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Mo ti ìsọ̀ mi pa, mo wá.

Mojíbọ́lá ti rù. Àwọn ọmọdé ibí mọ ohun tí wọ́n ń pè é, wọn kì í bá àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ṣeré. Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, èmi àgbàlagbà, mo sọ gbogbo rẹ̀: tìrẹ, tèmi. Bàbá ní kí n dìde. Mojíbọ́lá ò ní kí n dìde. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó ní, "Mo fi omi gbígbóná jó o ní gbogbo ọjọ́ tó fi dùbúlẹ̀. Ó ń ké, mò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo rò pé mò ń wò ó sàn ni. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi." Ó ní kì í ṣe ìwé ni òun fẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí o dúró níwájú bàbá òun àti àwọn ará ilé yìí, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, kí òun gbọ́ ọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun ò ní padà sí Accra láéláé.

Mo ní o ó wá. Ó bi mí pé ta ni onídùúró rẹ. Mo ní èmi ni.

O ní kí n sọ ohun tí o máa ṣe. Dúró, kí o kọ́ ọ tán. Má fi í sílẹ̀ ní ìdajì mọ́, ìdajì ló pa Lubabah. So kókó rẹ, di kámẹ́rà rẹ mú, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì ọ́ títí yóò fi ní ó tó. Bí àwọn méjì tó wà ní Accra bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn, kọ̀wé sí wọn lónìí, sọ ti Lubabah fún wọn. Tí oṣù Kejìlá bá pé, má gba Accra. Èkó ni kí o sọ̀ sí, kí o béèrè ọ̀nà Ìnísà.

Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi nínú yàrá Mojíbọ́lá. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn, ó kàn ń gbé oúnjẹ síwájú mi, á sì lọ. Mi ò ní kúrò níbí títí o ó fi dé.

Sàúdátù, ìyá rẹ